Bí Mo Ṣe Ṣàlàyé Ọjọ́ 29 Oṣù Òkúdù fún Àwọn Ọmọdé

Ní oṣù Òkúdù ọdún 2025, ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ tí mo máa ń kàwé fún ní ọ̀sán Sátidé bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ọjọ́ 29 oṣù yìí ni ọjọ́ ìbí mi. Kí ló ti ṣẹlẹ̀ rí ní ọjọ́ mi?" Mo ṣèlérí fún un pé ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀, gbogbo wa la ó jọ gbọ́ èsì rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Kíkó ìṣẹ̀lẹ̀ jọ kò nira, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí nǹkan kò ti ṣẹlẹ̀ rí. Yíyan èyí tí màá sọ ló gba àkókò. Òṣùwọ̀n tí mo lò ni pé kí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò kúrò ní Ìbàdàn rí lè fi ojú inú rí ohun kan nínú ìtàn náà: iná, ọkọ̀ ojú omi, bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ yìí náà ni wọ́n pa Mohamed Boudiaf, olórí ilẹ̀ Algeria, ní ọdún 1992, níbi tó ti ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà sí i. Ṣùgbọ́n n kò yọ ọ̀rọ̀ òwò ẹrú kúrò, bó tilẹ̀ burú, nítorí pé ìtàn àwọn baba ńlá wa ni, ọmọdé tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ sàn ju èyí tó kàn ṣèèṣì gbọ́ ọ níta lọ.

Mo ti mọ̀ láti ẹ̀yìn wá pé bí èèyàn bá sọ fún ọmọdé pé nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, ohun tí yóò gbọ́ ni pé wọ́n ṣẹlẹ̀ pọ̀ ni. Nítorí náà ni mo ṣe wá okùn kan tó gùn ní mítà 5, tí mo sì ní kí sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún ọdún 1. Mo kọ́kọ́ ta okùn náà ní kókó ní ibi kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kókó a máa jẹ okùn, gbogbo ìwọ̀n mi sì dàrú. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo sì so ègé àǹkárá pupa mọ́ ọn dípò kókó. Orí okùn ni 1613, 1864 bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 251, 1958 sí 345, 1976 sí 363, 1995 sí 382, 2007 sì bọ́ sí 394.

Orí okùn la ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1613, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn ń wo eré kan nípa ọba Henry Kẹjọ ní ilé eré Globe, èyí tí koríko wà lára òrùlé rẹ̀. Nígbà tí ọba inú eré náà fẹ́ wọlé, wọ́n yin àgbá láti fi yẹ́ ẹ sí, iná sì ta sí òrùlé, ilé náà sì jóná kanlẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Iná ran ṣòkòtò ọkùnrin kan, ọtí inú ìgò ni wọ́n sì dà sí i tí iná náà fi kú. Àwọn ọmọ náà ní kí n tún ìyẹn sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún ilé náà kọ́, tí wọ́n sì fi àwo amọ̀ bo òrùlé rẹ̀ dípò koríko, ọmọkùnrin kan mi orí bí àgbàlagbà, ó ní wọ́n ti kọ́gbọ́n.

Ègé aṣọ kejì ni mo dúró sí pẹ́ jù, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí ní Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Ní ọdún 1821 àwọn akónilẹ́rú kó ìlú wọn, wọ́n mú un pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, wọ́n tilẹ̀ fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn oníṣòwò Pọtogí ti rà á tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe ọdún 1822, Myrmidon, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú ọkọ̀ àwọn ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ló sì ti di Samuel Ajayi Crowther. Ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù ọdún 1864, wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Henry Leeke, tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon nígbà náà lọ́hùn-ún, tó sì ti di àgbà ọ̀gágun ojú omi, wà nínú kàtídírà lọ́jọ́ náà. Ìyáàfin Weeks, tó kọ́ ọmọ náà ní ábídí ní Sàró, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Yàrá pa rọ́rọ́. Mo fi ìka mi tọ́ okùn náà láti 1822 dé 1864, sẹ̀ǹtímítà 42, kí wọ́n lè rí bí ọ̀nà tí ó wà láàárín ọmọdé inú ọkọ̀ ẹrú àti bíṣọ́ọ̀bù ti gùn tó. Ẹnì kan béèrè ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá kò sí lára ọjọ́ 29, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè kọjá láìdáhùn: ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25.

Ní ọdún 1958, Bràsíìlì àti Sweden pàdé ní ìpele àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní ilẹ̀ Sweden. Àwọn onílé ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ṣùgbọ́n Bràsíìlì fi góòlù 5 sí 2 borí, Pelé tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 sì gbá méjì wọlé. Mo fi bọ́ọ̀lù kékeré hàn wọ́n bó ṣe gbá èyí àkọ́kọ́: ó fi àyà gbà á, ó gbé e kọjá lórí ẹni tó ń dènà, ó sì gbá a wọlé kó tó balẹ̀. Mo kàn fọwọ́ kan òmìnira Seychelles lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976, àti ti 1995, nígbà tí Atlantis, ọkọ̀ gbalasa òfurufú ti Amẹ́ríkà, lọ so mọ́ Mir, ibùdó àwọn ará Rọ́ṣíà ní gbalasa òfurufú, bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè méjèèjì ti bára wọn ṣe ọ̀tá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti 2007, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta iPhone ní Amẹ́ríkà, kò gba àlàyé kankan.

Ọmọkùnrin tó mi orí lẹ́ẹ̀kan ló wá bi mí pé kí ló dé tí àwọn aṣọ náà fi ṣù jọ sí ìdí okùn. Òótọ́ ni mo sọ fún un: èmi ni mo yàn wọ́n, ohun tó sún mọ́ ìgbà tiwa ni mo sì mọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nǹkan ṣẹlẹ̀ láàárín 1613 sí 1864 tí n kò so aṣọ mọ́. Mo fi kún un pé àwọn ọjọ́ kan wà tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Ọjọ́ ìrántí Pétérù Mímọ́ ni ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù nínú kàlẹ́ńdà ìjọ, ó sì yẹ ìfijoyè bíṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ kò sí ẹni tó yan ọjọ́ fún iná.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣàwárí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí n kò sì fẹ́ fi pamọ́ fún wọn. Ní 1613, kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lò, ọjọ́ 10 ló sì fi wà lẹ́yìn ti Róòmù. Ọjọ́ tí Lọ́ńdọ̀nù ń pè ní 29 oṣù Òkúdù, ọjọ́ 9 oṣù Agẹmọ ni ní Róòmù. Ọdún 1752 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yí padà: wọ́n sùn ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n jí ní ọjọ́ 14. Ariwo sọ. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ọjọ́ 11 náà lọ, àti bí ọmọ tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sáàárín ṣe ṣe é. Ọlọ́jọ́ ìbí wa rò pé màá yọ iná Globe kúrò nínú ọjọ́ òun. Ó ní bí ẹnì kan bá bi àwọn tó sá jáde nínú iná náà pé ọjọ́ wo la wà, ọjọ́ 29 ni wọ́n máa sọ. Ọmọkùnrin yẹn ní rárá, ọjọ́ náà kọ́ ni. Wọ́n jiyàn títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹnu kò pé kí aṣọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ pupa. Wọ́n tú u, wọ́n sì so funfun síbẹ̀, kí ẹni tó bá rí i lè béèrè ìdí tó fi yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà gba ègé pupa kan lọ́wọ́ mi, ó sì so ó mọ́ sẹ̀ǹtímítà 403, nítorí pé ọdún 2016 ni wọ́n bí i.