Àwọn àṣìṣe tí ó ń ba kẹ̀kẹ́ jẹ́, tí ó sì ń ná oníkẹ̀kẹ́ lówó

Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ní Ìbàdàn ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́, ó sì ń bí mi nínú pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ni kò yẹ kí wọ́n ná rárá. Bí ìnáwó bá sì ti sú wọn, ẹ̀yìn ilé ni wọn yóò ju kẹ̀kẹ́ sí, tí òjò yóò máa pa á. Mo gbà pé ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ó sì mọ bí a ṣe ń lẹ tíúbù. N kò ní tún ìyẹn sọ.

Èkíní, ẹ má ṣe tìtorí ọ̀dà tí ń dán ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Ẹ wo gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, pàápàá jù lọ lábẹ́ ọrùn rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lára ọ̀dà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí irin abẹ́ rẹ̀ ti sán.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń fẹ́ táyà ọkọ̀ fẹ́ ti kẹ̀kẹ́ yín láìjẹ́ pé ẹ sọ iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà fún un.

Ẹ̀kẹta ni ó ń dùn mí jù, òun sì ni ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀fẹ́ ni, nítorí náà àwọn ènìyàn a máa dà á sórí ṣéènì bí ẹni ń da ọbẹ̀ sórí àmàlà. Ọ́ìlì yìí ti gbó, ẹ̀kúnná irin ti wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iyanrìn àti eruku ọyẹ́ yóò fi dì mọ́ ọn, tí wọn yóò sì máa lọ àwọn ìṣó kéékèèké inú ṣéènì títí tí ṣéènì yóò fi gùn ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ẹ lè fi rúlà wọ̀n ọ́n: bí ẹ bá fi ìbẹ̀rẹ̀ rúlà sí àárín ìṣó kan, ó yẹ kí 12 ínṣì bọ́ sí àárín ìṣó mìíràn gẹ́lẹ́. Bí ìṣó náà bá ti fi 1/16 ínṣì kọjá, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Bí ó bá ti fi 1/8 kọjá, ó ti jẹ eyín jíà pẹ̀lú.

Ọmọkùnrin kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ kó búrẹ́dì kiri wá bá mi lẹ́yìn tí ó ti ra ṣéènì tuntun níbòmíràn, nítorí ṣéènì náà ń fò nígbàkúùgbà tí ó bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá. Kò sí ohun tí ó ṣe ṣéènì náà. Eyín jíà ẹ̀yìn ni ó ti jẹ di ṣóńṣó, ṣéènì tuntun kò sì lè jókòó lórí rẹ̀. Ó ra jíà ẹ̀yìn, ó ra ti iwájú. Àkísà tí a fi kẹrosíìnì díẹ̀ rin ni ì bá ti máa fi nu ṣéènì àkọ́kọ́. Bí ó bá gbẹ, kí ó kán ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀kán kan sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ó yí pẹ́dà sẹ́yìn, kí ó sì nu èyí tí ó kù lóde kúrò. Ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ pàápàá sàn ju dúdú yẹn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò tètè ń fọ̀ ọ́ dànù.

Àwọn kan a tún máa bẹ̀ mí kí n tú bíréèkì iwájú kúrò, wọ́n ní yóò gbé àwọn ṣubú. Mo kọ̀, n óò sì máa kọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ dúró, iwájú ni ìwúwo ń rọ́ sí, nítorí náà bíréèkì iwájú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà; ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì sún ìdí sẹ́yìn.

Òdì sí ti ọ̀tún ni a ń de pẹ́dà òsì. Ẹ má ṣe fipá de ọ̀kan sí ipò èkejì.

Ní ti ojú pópó, láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní ọ̀tún, ọ̀tún náà sì ni ti oníkẹ̀kẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ ni a kọ́ pé kí ó kọjú sí ọkọ̀. Bí ẹ bá ń sá 20 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ sì ń sá 50, ìyára 30 ni yóò fi bá yín láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjú sí i, 70 ni ẹ fi ń pàdé. Awakọ̀ tí ń ti ọ̀nà kékeré yà sí ọ̀tún, òsì ni yóò wò, ẹ̀yin tí ẹ kọjú sí ọkọ̀ yóò sì ti ọ̀tún yọ sí i. Ẹ sì jẹ́ kí àyè tí ó fẹ̀ ju ìlẹ̀kùn kan lọ wà láàárín yín àti takisí máíkírà tí ó dúró, nítorí èrò ẹ̀yìn kì í wo ẹ̀yìn kí ó tó ṣílẹ̀kùn.