Bẹ́ ẹ ṣe lè rin òkè tó wà lórí ìlú àtijọ́ yípo láìsọnù sínú pápá

Irú ìrìn tí mò ń sọ nìyí: ẹ gbéra láàárín ìlú àtijọ́ kan, ẹ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ gòkè láàárín igbó, ẹ já sí pápá koríko lókè níbi tí gbogbo òrùlé ìlú náà ti máa hàn sí yín nísàlẹ̀, ẹ tún wọ igbó lápá kejì, ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ padà síbi tẹ́ ẹ ti gbéra láì gba ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú igbó lèèyàn ti ń sọnù, àmọ́ kì í ṣe igbó o, pápá ni. Tá a bá débẹ̀ màá pẹ́ níbẹ̀ dáadáa.

Máàpù lẹ máa kọ́kọ́ wá. Èmi, máàpù bébà 1:25,000 ni mo fẹ́ràn jù, torí sẹ̀ǹtímítà 4 lórí ẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1, ìka lásán lèèyàn lè fi wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ò bá rí bébà, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń lo máàpù OpenStreetMap pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ da máàpù agbègbè náà sórí fóònù nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà nílé. GPS, ìyẹn ohun tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn lórí fóònù, ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń gba àmì, àwòrán máàpù gan-an ló nílò dátà. Mo ti rí àwọn tó dúró sáàárín igbó tí àmì búlúù róbótó yẹn ń tàn lójú fóònù wọn, tí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ sì funfun báláú, kò sọ́nà kankan níbẹ̀, kò sí orúkọ kankan. Kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?

Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ́ kiri lójú máàpù, gíga ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ibi tí wọ́n bá ti sún mọ́ra wọn, òkè ibẹ̀ ga ṣánṣán, ibi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ó rọra ń lọ ni. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga ṣánṣán jẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa gbà gòkè, kí ibi tó rọra ń lọ jẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣe é lódì torí wọ́n fẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn fún wọn, orúnkún wọn ló máa gbà á lálẹ́, pàápàá tí ewé tútù bá wà nílẹ̀ tó ń yọ̀.

Ní ti àsìkò, ọkùnrin ará Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lọ́dún 1892 táwọn arìnrìn-òkè ṣì ń lò títí dòní: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ wá fi wákàtí 1 kún un fún gbogbo mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn. Tí ọ̀nà yín bá jẹ́ kìlómítà 12, tó sì gòkè mítà 400, ìyẹn á jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 24, ẹ fi ìṣẹ́jú 40 kún un, ó di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 4. Kò ka ìsinmi mọ́ ọn, kò sì ka fọ́tò mọ́ ọn, torí ẹ̀ ni mo fi máa ń fi ìdajì lé e, á wá di bíi wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀. Ẹ ka iye yẹn sẹ́yìn látìgbà tí oòrùn máa wọ̀, kẹ́ ẹ tún yọ wákàtí kan kúrò, torí ilẹ̀ igbó máa ń ṣú kí ìta tó ṣú.

Ẹrù ò pọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ rí gánpagànpa, tẹ́ ẹ sì ti wọ̀ kó mọ́ yín lẹ́sẹ̀ (bàtà tuntun ò gbọdọ̀ bá yín lọ), omi lítà kan àtààbọ̀ ó kéré tán, oúnjẹ díẹ̀, rénkóòtù, tọ́ọ̀ṣì, fèrè bíi ti rẹfirí. Ẹ má ra ìbòrí báàgì tí wọ́n ń tà lówó gọbọi yẹn, ọ̀rá ìdalẹ̀nù ńlá kan ni kẹ́ ẹ tẹ́ sínú báàgì kẹ́ ẹ tó kó ẹrù sí i, òjò ò ní rí nǹkan kan ṣe é. Ọ̀pá náà, igi gbígbẹ tó ti já bọ́ nílẹ̀ tó, ẹ kọ́kọ́ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ má ṣẹ́ ti orí igi. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù sí airplane mode kí bátìrì lè pẹ́, GPS á ṣì máa ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù.

Igbó àkọ́kọ́ ò le. Ẹ máa tẹ̀ lé àmì ọ̀dà tí wọ́n kùn sára igi. Tẹ́ ẹ bá ti rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ò rí àmì kankan, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti rí èyí tó kẹ́yìn, ẹ má sọ pé bóyá ó wà níwájú.

Ó wá ku pápá. Nínú igbó, igi fúnra ẹ̀ ló ń tì yín sójú ọ̀nà, igi náà ni wọ́n sì ń kun àmì sí. Tẹ́ ẹ bá jáde sí pápá, kò sígi mọ́, koríko ti bo ojú ọ̀nà, ojú ẹsẹ̀ màlúù ló wà káàkiri, ó sì máa ń mọ́lẹ̀ ju ọ̀nà èèyàn lọ, bẹ́ẹ̀ ibi omi tàbí ibi ìjẹ lọ̀nà màlúù ń lọ, kì í lọ sílùú. Ohun tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á já síta, á rí ìlú nísàlẹ̀, á pariwo, á yọ fóònù, á rìn sápá ọ̀tún díẹ̀ kó lè ya ilé ìjọsìn, á rìn sápá òsì kó lè ya odò, á jókòó, á jẹun. Nígbà tó bá dìde, etí igbó yí i ká, gbogbo ẹ̀ ló jọra, kò mọ ibi tó ti jáde wá mọ́. Á wá wọ ihò tó bá ṣáà ti rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà àwọn agégẹdú ló máa jẹ́, ó fẹ̀, ó tẹ́jú, ó rọrùn, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì ẹ̀yìn òkè níbi tí ìlú yín ò sí.

Torí náà, ẹ dúró lábẹ́ igi tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó tẹ koríko. Mo bẹ̀ yín, ìran yẹn ò ní sá lọ. Ẹ yíjú padà, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ wá nǹkan tó dá yàtọ̀ níbẹ̀, bóyá igi tó pín sí méjì, bóyá òpó ọgbà tó ti wọ́, òun lẹ máa kọ́kọ́ yà ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí máàpù, ẹ wá ibi tọ́nà ti tún wọ igbó lódìkejì, ẹ fi kọ́ńpáàsì (ohun tó máa ń tọ́ka sí àríwá) mú ìhà tó wà. Tó bá jẹ́ ti fóònù lẹ̀ ń lò, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú kéèsì ẹ̀ tí kéèsì yẹn bá ní mágínẹ́ẹ̀tì, torí irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ wá wo iwájú, ẹ mú nǹkan kan tó wà nílà yẹn, igi kan tó dá dúró tàbí kọ̀rọ̀ ọgbà, òun lẹ máa rìn lọ bá.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Ẹ má fojú sun ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fojú sun apá òsì ẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ tààrà, tẹ́ ẹ dé etí igbó tẹ́ ò rí nǹkan kan, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọ̀tún ló wà tàbí òsì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ ti mọ̀ọ́mọ̀ yà sósì, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kàn máa yà sọ́tùn-ún, ẹ máa tọ etí igbó lọ, ó di dandan kẹ́ ẹ bá a. Tí kùrukùru bá sì bolẹ̀, ẹ má dá pápá kọjá rárá. Ẹ jẹ́ kí igbó wà lápá kan yín, kẹ́ ẹ máa tọ etí ẹ̀ yípo títí ẹ máa fi kan ẹnu ọ̀nà. Ó jìn, ṣùgbọ́n ó dájú. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà jáde tán, ẹ wá lọ jókòó, kẹ́ ẹ wo ìlú yó.

Àgbẹ̀ ló ni koríko yẹn o, wọ́n máa gé e fún ẹran wọn jẹ, ẹ tò tẹ̀ lé ara yín, ẹ má tàn kálẹ̀. Géètì tẹ́ ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà, èyí tẹ́ ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jìnnà sí màlúù tó bá ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gba àárín òun àtọmọ ẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá mú ajá dání, ẹ so ó, àmọ́ tí màlúù bá dojú kọ yín, ẹ tú ajá náà sílẹ̀, á sá lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ àrá ẹyọ kan péré, ẹ kúrò ní pápá, ẹ má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró.

Kẹ́ ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún okùn bàtà dì kó le, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ má baà máa gbá iwájú bàtà. Ẹ máa gbẹ́sẹ̀ kékeré, ẹ ré gbòǹgbò tútù kọjá, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa rí òrùlé láàárín igi, á máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ já gbà á tààrà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, odi àtijọ́, ibi tí wọ́n ti fọ́ òkúta rí àti ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn sábà máa ń wà lórí irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tọ́nà fi ń yí kọ́lọkọ̀lọ. Tẹ́nì kan bá fara pa, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn ọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti gbọ́ yín nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ, ẹ wá eégbọn kiri ara, torí inú koríko gíga ni wọ́n ti ń so mọ́ èèyàn: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ojú itan, ẹ̀yìn etí. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tu irun ojú mú un níbi tó sún mọ́ awọ jù, ẹ fà á sókè tààrà láì yí i. Ẹ má da epo lé e, ẹ má fi iná kàn án. Tí ojú ibẹ̀ bá ń pọ́n tó sì ń fẹ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ibà bá dé, ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì rántí sọ fún un pé eégbọn ló jẹ yín.