Ohun tí kì í jẹ́ kí adìẹ tó sàba pa ọmọ pé

Ẹyin 14 ni mo kó sábẹ́ adìẹ wa lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dán an wò, òròmọdìẹ mẹ́ta péré ló jáde. Adìẹ yẹn ò jẹ̀bi. Èmi ni mo ń mú ẹyin tuntun kún èyí tó ti sàba lé, bí àwọn yòókù ṣe ń yé e.

Àṣìṣe yìí ni mo ń rí jù lọ́dọ̀ àwa tá à ń sin adìẹ ìbílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń di ọmọ, ọjọ́ tí ooru abẹ́ ìyá bá sì ti mú un déédéé la ti ń kà á. Ìdí nìyẹn tí ẹyin tí adìẹ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ yé fi ń pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá wá ki òmíràn bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kẹfà, nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá pé ọjọ́ 21, èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní 15. Adìẹ ò ní dúró dè é. Bó bá ti ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ, láàárín ọjọ́ kan sí méjì á dìde, á kó wọn lọ wá oúnjẹ. Mo fọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó fi sílẹ̀ wò: ọmọ tó ti hu ìyẹ́, tó ti ní èékánná, ló kú sínú rẹ̀.

Ẹ kó gbogbo ẹyin sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ fi èédú fa ìlà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Adìẹ mìíràn lè wá yé lé e nígbà tó bá lọ jẹun. Èyí tí kò bá ní ìlà nírọ̀lẹ́, ẹ mú un, ẹ lọ dín in jẹ.

Ẹyin inú kíréètì tí ẹ rà lọ́jà kò ní pa, adìẹ àgíríkì tó yé e kò sún mọ́ àkùkọ. Ẹ má kó èyí tó ti wọ fíríìjì sí i, ẹ má sì fọ ẹyin tó dọ̀tí, torí ìbòrí kan wà lára èèpo tí ojú ò rí, òun ló ń dínà mọ́ kòkòrò àrùn, omi sì ń fọ̀ ọ́ dànù. Èyí tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nílẹ̀, agbára rẹ̀ ń dínkù nìyẹn, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹyin mẹ́wàá tó adìẹ ìbílẹ̀ kan. Bí ọ̀kan bá yọ síta lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, á tutù. Adìẹ sì máa ń yí ẹyin rẹ̀ lemọ́lemọ́: tòní tó wà létí á wọ àárín lọ́la, ti àárín á bọ́ sétí. Otútù yẹn á kárí wọn.

Àwọn kan á rí i pé adìẹ dìde lórí ẹyin, wọ́n á lé e padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, ó gbọ́dọ̀ jẹun, kó mumi, kó yàgbẹ́, kó sì gbọnra nínú eruku. Ẹ ṣáà gbé àgbàdo àti omi sí tòsí. Bó bá lọ tí kò padà, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ koríko ìtẹ́ rẹ̀. Bí iná adìẹ bá ń gun ọwọ́ yín, òun ló lé e. Kí òmíràn tó sàba síbẹ̀, ẹ sun koríko yẹn, ẹ bu eérú gbígbẹ sísàlẹ̀, ẹ tẹ́ tuntun. Bó bá sì di dandan kí ẹ ṣí i nípò, alẹ́ ni kí ẹ gbé e.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọjọ́ 21. Èèpo ti lu, ṣóńṣó ẹnu ọmọ ti yọ, ó wá dákẹ́ fún wákàtí mẹ́fà. Ọwọ́ á máa yún yín láti bá a bó o. Ẹ má ṣe é! Láti ìgbà tó bá ti lu èèpo, ó lè tó wákàtí 24 kó tó jáde. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú awọ funfun inú èèpo nígbà náà, ìpọ́nyin, ìyẹn pupa inú ẹyin, ṣì ń wọ inú ọmọ náà lọ. Mo ti bó ọ̀kan rí. Ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín kan sun jáde lára awọ náà, ọmọ adìẹ yẹn nà gbọọrọ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó kú.

Ìpọ́nyin tó wọ inú wọn yìí kan náà ni wọ́n á máa jẹ fún bí ọjọ́ kan sí méjì, nítorí náà ẹ má fi oúnjẹ kánjú já wọn gbà lábẹ́ ìyá. Ìgbà tó bá kó wọn sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ dé àgò lé ìyá àti ọmọ, kí àwòdì má baà gbé wọn. Wọ́n á ké, wọ́n á fẹ́ jáde. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ sórí ààtàn lọ jẹ̀. Ẹ bi dókítà ẹran nípa àjẹsára àrùn lúkúlúkú (Newcastle) tí wọ́n ń kán sí wọn lójú. Ní ti omi, àwo pẹrẹsẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì to òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ títí kó fi jẹ́ àárín òkúta nìkan ni wọ́n á ti máa fi ẹnu kan omi, torí omi tí kò ju ìka méjì lọ ti tó pa òròmọdìẹ ọjọ́ kan.