Bí a ṣe ń fi PGDE di olùkọ́ tí òfin mọ̀: ibi tí ó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ

Ẹni tí ó gboyè nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, nínú físíìsì tàbí nínú ìmọ̀ ìtàn ní ìmọ̀ lórí, ṣùgbọ́n òfin kò tíì kà á sí olùkọ́. Òfin ọdún 1993 tí ó dá TRCN (Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà) sílẹ̀ ni ó gbé ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà lé ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́, PGDE, ìyẹn díplómà nínú ètò ẹ̀kọ́ tí a ń gbà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń wọlé sí iṣẹ́ náà láì tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ oyè àkọ́kọ́ mìíràn.

Ẹ kọ́kọ́ yan ibi tí ẹ ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ní Èkìtì, ẹni tí ó bá lè máa lọ jókòó ní kíláàsì lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, ẹni tí iṣẹ́ kò bá sì gbà láyè lè gba ọ̀dọ̀ NTI (ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀) tàbí NOUN (yunifásítì ẹ̀kọ́ jíjìnnà ti ìjọba àpapọ̀), tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ jíjìnnà ṣe é. Ìwé-ẹ̀rí oyè yín, èsì ìdánwò girama, ìwé ìparí àgùnbánirọ̀ àti ìwé ọjọ́ ìbí ni wọn yóò béèrè. Tíránsíkíríìpù, ìwé tí gbogbo máàkì yín ní yunifásítì wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lé, nítorí pé ilé-ìwé tí ẹ ti gboyè ni ó máa ń fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò rántí yín níbẹ̀ bí ẹ kò bá yọjú.

Àwọn iṣẹ́ inú kíláàsì kì í sábà wọ ẹni tí ó ti gboyè rí lọ́rùn. Ẹ ó kọ́ ìtàn ètò ẹ̀kọ́, ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìdàgbàsókè ọmọdé, ìlànà ìkọ́ni, àti bí a ṣe ń gbé ìdánwò kalẹ̀. Ẹ yá ìwé lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú yín, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, owó yín yóò dín kù. Èyí tí ó dá lórí ìdánwò nìkan ni kí ẹ má ṣe pa jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé òun ni ẹ ó lò nígbà tí TP (ìkọ́ni ìdánrawò) bá dé.

TP, ìyẹn àkókò tí wọ́n ń rán yín lọ kọ́ni ní ilé-ìwé tí alábòójútó yóò sì máa wá wò yín, ni ibi tí mo ti rí i tí àwọn ọlọ́pọlọ pípé ti ń gba máàkì tí kò tó wọn. Ohun tí ó ń fà á kì í ṣe ìbẹ̀rù ọmọ kíláàsì. Lẹ́sìn nóòtì ni, ìyẹn ìwé tí olùkọ́ ti ń kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ kíláàsì. Alábòójútó a ti ṣí i kí ẹ tó sọ̀rọ̀ rárá, apá tí a ń pè ní èrèdí ẹ̀kọ́, ìyẹn ohun tí ọmọ yóò lè ṣe ní ìparí ẹ̀kọ́, ni ojú rẹ̀ sì máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo Èkìtì mọ̀: gígé èbù iṣu, fún JSS 2, láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Èyí tí mo máa ń rí nínú nóòtì àwọn tí ó kùnà ni pé “ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, èbù yóò yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa.” Báwo ni alábòójútó tí ó jókòó lẹ́yìn kíláàsì yóò ṣe rí i pé ó ti yé wọn? Ohun tí ọmọ yóò fi ẹnu sọ, tí yóò kọ sílẹ̀ tàbí tí yóò fi ọwọ́ ṣe ni kí ẹ kọ: pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè dárúkọ ohun méjì tí a ń wò lára iṣu kí a tó gé e, pé yóò lè gé èbù tí awọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀, nítorí pé láti ara awọ ni iṣu ti ń hù, pé yóò lè sọ ìdí tí a fi ń fi eérú pa ojú ibi tí a gé. Mẹ́ta tó. Ẹni tí ó bá kọ méje fún ogójì ìṣẹ́jú ti kọ ẹjọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé aago yóò lù kí ó tó dé ìkẹrin.

Àṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ ní ìparí kì í bá èrèdí tí wọ́n kọ lókè mu. Ẹ óò rí i pé èrèdí sọ pé ọmọ yóò gé èbù, ìbéèrè sì wá ń sọ pé “kí ni iṣu?” Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìbéèrè ìparí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ tó wá gòkè lọ kọ èrèdí láti ara ìbéèrè náà, lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fi ìgbésẹ̀ ìkọ́ni sí àárín. Ẹ fi báírò búlúù kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, kí ẹ sì fi pupa fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Ẹ má ṣe da nóòtì ẹlòmíràn kọ, ó pẹ́ tí àwọn alábòójútó ti mọ nóòtì tí ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ti parí ní ọjọ́ Jímọ̀, kí olùkọ́ tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ lè fọwọ́ sí i.

Ohun èlò ìkọ́ni kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín. Káàdíbọ́ọ̀dù dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tí ó kọjá funfun, ó sì le ju káàdíbọ́ọ̀dù lọ. Fún ẹ̀kọ́ èbù, iṣu kan, ọ̀bẹ kan àti eérú díẹ̀ nínú agolo ju àwòrán kíàwòrán lọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ tọ́jú ọ̀bẹ, kí ẹ fà á fún ọmọ kan ṣoṣo kí ó máa gé lójú yín, kí àwọn yòókù máa wò.

Fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ẹ yan ohun tí ẹ rí nínú kíláàsì TP yín, kí ẹ má baà tún máa wá ilé-ìwé tí yóò gbà yín láyè.

Lẹ́yìn PGDE ni PQE, ìdánwò TRCN tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ìpele C ni ti ẹni tí ó ní oyè àkọ́kọ́ àti PGDE. Ìpele D wà fún àwọn tí ó ní NCE, ìwé-ẹ̀rí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá lórí kọ̀ǹpútà kí ó lọ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ ọ ṣáájú, kí àkókò má baà tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Orúkọ tí ẹ óò fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé-ẹ̀rí oyè yín mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Obìnrin tí ó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó kí ó mú ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ àti ìkéde inú ìwé ìròyìn dání kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀.