Bí mo ṣe di nọ́ọ̀sì eyín ní Ìlú Ọba, àti ibi tí iṣẹ́ náà ń gbé ni dé

Láti ọdún 2008 ló ti di dandan ní Ìlú Ọba pé kí orúkọ nọ́ọ̀sì eyín wà nínú ìwé General Dental Council, ìyẹn GDC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn tó ń tọ́jú eyín níbẹ̀. Mi ò gba yunifásítì débẹ̀. Mo wá ilé ìtọ́jú eyín tó ń gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo sì forúkọ sílẹ̀ fún National Diploma ti NEBDN, àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún nọ́ọ̀sì eyín.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè jókòó ti dókítà, bí ẹni tó wà nínú ìwé GDC bá ń mójú tó o. Nítorí náà, kì í ṣe owó oṣù ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ohun tí mo béèrè ni pé: ta ni yóò máa wo ọwọ́ mi, tí yóò sì máa buwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi? Bí ọ̀gá kò bá ráyè, ìwé yẹn kì í kún, ìdánwò àṣekágbá á sì máa sún síwájú.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ranni, kò ṣe é fi falẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un: èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí oṣù kan tàbí méjì bá kọjá.

Yàrá tí a ti ń fọ irinṣẹ́ ni mo ti mọ iṣẹ́ yìí ní tòótọ́. Bí mo bá ń fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, omi mi kì í gbóná ju 45°C lọ, torí omi tó gbóná jù máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ irin bí ẹyin ṣe ń dì mọ́ ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi awò tó níná wo oríkèé forceps, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá sí. Irin tí kò mọ́, autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò àrùn, kò lè gbà á là: ooru kì í dé ara ohun tí ìdọ̀tí bò. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ dúró lórí 134°C sí 137°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó kéré tán. Èyí tí kò bá ní vacuum tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ má ki irin tó wà nínú àpò bọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú àpò ò ní jẹ́ kí ooru omi kàn án. Kó gbẹ ná kẹ́ ẹ tó dì í, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ sí i, torí kò gbọ́dọ̀ ju ọdún kan lọ nínú àpò.

Bí dókítà bá ń pe ipò eyín kọ̀ọ̀kan, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, òsì aláìsàn ni òsì, kì í ṣe tèmi. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀, eyín tí kò ṣẹ̀ ló sì lè jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò kíkọ àti OSCE, ìyẹn ìdánwò àfọwọ́ṣe, GDC gba orúkọ mi. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Wákàtí àádọ́ta ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń béèrè láàárín ọdún márùn-ún, ó kéré tán mẹ́wàá nínú ọdún méjì-méjì tó bá tẹ̀ léra. Ẹni tó bá gbàgbé owó ọdọọdún ní 31 oṣù Keje lè rí i pé wọ́n ti yọ orúkọ òun.

Ìwé ẹ̀rí yíya àwòrán x-ray ni mo gbà pé ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ gbà, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ya á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti kíkun fluoride sí eyín ọmọdé, ti oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀, tàbí ti títo eyín. Nínú NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, Band 4, ìyẹn ìpele owó oṣù kẹrin, ni nọ́ọ̀sì eyín sábà máa ń wà. Ẹni tó bá mọ ẹ̀ka kan dunjú lè dé Band 5. Ẹni tó bá fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú eyín yóò padà sílé ìwé láti di orthodontic therapist, tó ń bá dókítà to eyín, tàbí dental hygienist, tó ń fọ eyín, tó sì ń tọ́jú èrìgì.

Ẹ̀yin dókítà eyín láti Nàìjíríà, láti oṣù Kẹta 2023, ìwé ẹ̀rí dókítà yín nìkan kò tó mọ́ láti fi forúkọ sílẹ̀ bíi nọ́ọ̀sì eyín. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lẹ ó ṣe.