Kíndìnrín Ọmọ Ajá Tó Daṣẹ́ Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé kíndìnrín ọmọ ajá ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ má tíì gbà pé ó ti bọ́. Ti arúgbó ajá yàtọ̀: kíndìnrín tiẹ̀ ti ń bàjẹ́ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó sì ti bàjẹ́ ò ní padà. Lára ajá tí kò tíì pé ọdún méjì, májèlé, kòkòrò àrùn, ohun tó dí ọ̀nà ìtọ̀ tàbí àbùkù tí wọ́n bí mọ́ ọn ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àbùkù àbímọ́ nìkan ni kò sí ìrètí pé ó lè san pátápátá. Èyí tó jẹ́ nínú wọn ni ká kọ́kọ́ wá, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù iye creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde.

Ohun tí ẹ lè rí nílé

Ẹ wọn omi tó ń mu. Ẹ bu omi tí ẹ mọ iye rẹ̀ sí abọ́, kí ẹ wọn èyí tó ṣẹ́ kù ní wákàtí kan náà lọ́jọ́ kejì. Bó bá ju mílílítà 100 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan, ó ti pọ̀ jù. Ajá kílò 8 ò yẹ kó mu tó mílílítà 800 lójúmọ́. Èébì, àìjẹun, rírù, ẹnu tó ń rùn bí ìtọ̀ àti egbò lórí ahọ́n máa ń tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pé òjijì ni àìsàn náà dé, ìtọ̀ lè dín kù tàbí kó dáwọ́ dúró pátápátá.

Èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn ní àmì tirẹ̀. Ajá náà á kéré sí àwọn tí wọ́n jọ bí, irun rẹ̀ ò ní dán. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò àti ìka di egungun àgbọ̀n rẹ̀ mú: bó bá ń tẹ̀ bíi rọ́bà, tí eyín sì ń mì, ó ti pẹ́ tí kíndìnrín ti ń jìyà. Phosphorus (èròjà kan inú oúnjẹ) tí kò rọ́nà jáde ló ń mú kí ara máa fa calcium kúrò nínú egungun, egungun ojú ajá tó ṣì ń dàgbà ló sì máa ń kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀. Shih Tzu, Lhasa Apso, Cocker Spaniel, Samoyed àti Bull Terrier wà lára irú ajá tí àbùkù kíndìnrín ń rìn nínú ìran wọn.

Ẹ gba ìtọ̀ kí dírípù tó wọlé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Ajá dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n sáré fa omi sí i lára, ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wá ń wá ìtọ̀. Ìtọ̀ yẹn ò wúlò mọ́ fún ohun tí à ń wá, torí dírípù ti bù ú lómi. Ká ní wọ́n ti gbà á ṣáájú, refractometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìtọ̀ ṣe ki tó (omi lásán jẹ́ 1.000), ì bá ti sọ òótọ́. Bí creatinine bá ga, tí ìtọ̀ sì ki ju 1.030 lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ló kàn gbẹ, kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá wà láàárín 1.008 sí 1.012, kíndìnrín ò lè ki ìtọ̀ mọ́. Ẹ má fi bébà tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ wọn kíki rẹ̀. Ti ajá kì í tọ̀nà lórí rẹ̀. Furosemide àti oògùn steroid náà máa ń mú ìtọ̀ ṣàn, kí ẹ béèrè bóyá ajá ti gbà wọ́n tẹ́lẹ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ wo creatinine, urea (ìdọ̀tí mìíràn tí kíndìnrín ń sẹ́ jáde), phosphorus, calcium, sodium àti potassium. Iṣan ara ọmọ ajá ò tíì pọ̀, creatinine rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti àgbà, torí náà iye tó jọ pé ó dára lórí ìwé lè má dára fún un. Phosphorus ní tirẹ̀ máa ń ga nítorí egungun tó ń dàgbà. Òun nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ fọwọ́ kan àpò ìtọ̀. Bó bá le, tó sì wú, ọ̀nà ìtọ̀ ti dí, rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ ọ̀nà ìtọ̀ kó lè ṣàn jáde ló kàn, kì í ṣe dírípù. Skáànù á fi kíndìnrín hàn: èyí tó kéré tó sì rí gbágungbàgun ti pẹ́ nínú àìsàn, èyí tó tóbi tàbí tó wà bó ṣe yẹ sábà máa ń jẹ́ tòjijì.

Àìsàn kan wà tó ń ṣe bíi ti kíndìnrín gan-an, Addison ni wọ́n ń pè é: ẹ̀yà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín ni kì í pèsè hormone tó. Èébì, àárẹ̀, creatinine tó ga, ìtọ̀ tí kò ki, gbogbo rẹ̀ náà ni. Ẹ fi potassium pín sodium. Bí èsì bá wà nísàlẹ̀ 27, ẹ ṣe àyẹ̀wò cortisol, ọ̀kan lára àwọn hormone náà. Ohun ìbànújẹ́ ni kí wọ́n fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ikú, nígbà tí oògùn ojoojúmọ́ lè gbé e dìde.

Ìtọ́jú tòjijì

Iṣẹ́ dókítà ẹranko nìyí, nílé ìwòsàn. Ìwọ̀n ajá ní kílò, lọ́nà ìdá gbígbẹ nínú ọgọ́rùn-ún, lọ́nà 10, ló ń fún wa ní mílílítà tó ti sọnù. Ajá kílò 10 tó gbẹ ní ìdá 8 nílò mílílítà 800, yàtọ̀ sí omi ojúmọ́ rẹ̀ àti èyí tó ń bì. Lẹ́yìn tí omi tó sọnù bá ti padà sínú ara, ìtọ̀ tí kò tó mílílítà 1 fún kílò kan ní wákàtí kan ti kéré jù. Ẹ dín dírípù kù, kí ẹ dán furosemide, oògùn tó ń mú ìtọ̀ ṣàn, mílígíráàmù 2 fún kílò kan wò. Dírípù tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ lè kún ẹ̀dọ̀fóró. Lórí ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ ti máa wọn ajá lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bó bá ń wúwo sí i, tàbí tí èémí rẹ̀ lójú oorun ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, omi ti pọ̀.

Bí potassium bá ga tí ọkàn sì ń lọ́ra, calcium gluconate ìdá 10, mílílítà 0.5 sí 1 fún kílò kan, ni wọ́n ń rọra fún un láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ojú má kúrò lára ọkàn rẹ̀. Ọkàn nìkan ló ń dáàbò bò. Insulin pẹ̀lú dextrose (ṣúgà) ló ń sọ potassium kalẹ̀. Maropitant mílígíráàmù 1 fún kílò kan lójúmọ́ máa ń dá èébì dúró.

Bí ẹ bá fura sí leptospirosis, àrùn tí ìtọ̀ eku ń tàn, doxycycline mílígíráàmù 5 fún kílò kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí ìtọ̀ ajá náà lè kó o ran èèyàn. Tó bá jẹ́ ethylene glycol inú omi ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀, fomepizole, oògùn tó ń dènà májèlé náà, gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 8 sí 12. Ajá tó jẹ èso àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, tàbí ibuprofen (oògùn ìrora), kí wọ́n tètè mú un bì, kó sì wà lórí dírípù fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Èyí tí a ó máa bá gbé

Oúnjẹ tí phosphorus rẹ̀ kéré ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má gé amáradàgbà ọmọ ajá kúrò bí ti arúgbó. Inú oúnjẹ ni aluminium hydroxide ń wọ̀, torí phosphorus inú oúnjẹ ló ń mú. Ibuprofen àti gentamicin (oògùn apakòkòrò) kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́.

Omi abẹ́ awọ ṣeé fún un nílé, bí dókítà bá ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lactated Ringer's, irú omi dírípù kan, ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ní dextrose. Ẹ fa awọ sókè láàárín èjìká, kí ẹ ti abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 tàbí 20 bọ ìsàlẹ̀ ibi tí awọ ti ṣẹ́ po, kí ẹ sì gbé àpò omi ga ju ajá lọ. Ibẹ̀ á wú, wíwú náà sì lè sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ iwájú. Ó yẹ kó ti lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́; bí kò bá lọ, ẹ má fi òmíràn kún un, ẹ pe dókítà.