Bí mo ṣe gba ojú iṣan fún aláìsàn wárápá ní phenytoin

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, aago méjì òru ti kọjá, ni wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wọlé, wárápá ti gbé e látilé kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki nǹkankan bọ̀ ọ́ lẹ́nu o", a fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, a fún un ní ọ́síjìn, a yẹ ṣúgà ẹ̀ wò. Dókítà ní ká fún un ní diazepam 10 mg, oògùn tó ń dá gìrì dúró, mo rọra ń tì í fún bí ìṣẹ́jú méjì, ojú mi ń bẹ lára èémí ẹ̀. Gìrìgìrì yẹn dáwọ́ dúró.

Kó má baà padà ni dókítà fi kọ phenytoin 1000 mg, oògùn wárápá tí à ń gba ojú iṣan fún èèyàn, torí ó wọn 50 kg, 20 mg sí kílò kan. Èmi àti nọ́ọ̀sì kejì jọ ṣírò ẹ̀, a jọ ka ìgò mẹ́rin, 250 mg nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ dextrose, ìyẹn omi ṣúgà, ló wà lẹ́nu dírípù ẹ̀, kánúlà, rọ́bà tín-ín-rín tí dírípù ń gbà wọ iṣan, sì wà lẹ́yìn ọwọ́. Phenytoin ò gbọdọ̀ pàdé dextrose, ńṣe lá dì, á funfun bí omi ògì. Tó bá sì jò kúrò nínú iṣan kékeré, ọwọ́ á wú á dúdú, mo ti rí ọwọ́ tí awọ ẹ̀ bó báyẹn rí, mi ò fẹ́ rí i mọ́. Mo wá iṣan ńlá níbi tí apá ti ń ká, mo fi normal saline, ìyẹn omi iyọ̀, 10 ml dán an wò, mo wá po oògùn náà mọ́ normal saline 100 ml.

Màmá ń bẹ̀ mí pé "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó sáré wọlé", mo ní "Màmá, tó bá sáré, ọkàn ọmọ yín ló máa bá fà á". Kò gbọdọ̀ ju 50 mg lọ láàárín ìṣẹ́jú kan fún àgbàlagbà, èmi fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, ìyẹn ẹ̀kán 80 ní ìṣẹ́jú kan, mo fi aago ọwọ́ mi kà á, ogún ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú àáyá 15, mo tún un kà. Mọ́nítọ̀ tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn ò kúrò láyà ẹ̀.

Oògùn náà dé ìdajì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ já sí 88/50. Mo ti dírípù pa lójú ẹsẹ̀, mo pe dókítà, ìgbà tó gòkè padà la tún ṣí i, ẹ̀kán 40 péré. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó tán, mo fi saline ṣan ojú iṣan.

Ilẹ̀ ti mọ́ kó tó lajú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo kọ́kọ́ wo apá ẹ̀ níbi tí kánúlà wà, kò wú, kò pọ́n.